Ìlà Tí Mo Fà Sáàárín Ìwé

Èmi ni mo ń ka igi ní Oko Bàbá,
èmi Ìgè, bírò létí, rúlà irin lápò,
ogójì ọdún ó lé díẹ̀ tí mo ti ń fẹfun kọ ínṣì sídìí gẹdú.
Ohun tí ọ̀sà bá gbé wá láti Ìlàjẹ, láti Ẹ̀pẹ́,
mo ti mọ̀ ọ́n kó tó gúnlẹ̀:
ọ̀mọ̀ a máa léfòó bí ẹni tó ń sùn,
ọ̀pẹ̀pẹ̀ a máa tẹrí bomi bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Lánàá, lẹ́yìn tí wọ́n paná ayùn,
mo ṣí ewé tuntun, mo fa ìlà sí i láàárín.
Mo kọ Fínlándì sápá òsì.
Mo kọ Ròmáníà sápá ọ̀tún.
Ọmọ bẹ́ǹṣì kan náà ni Fọlárìn àti Múfútáù,
ọwọ́ mi ni wọ́n ti kọ́ bí a ti í kojú igi sí eyín ayùn,
kí ayé tó fọ́n wọn ká bí lébúlébú.
Èwo nínú wọn niṣẹ́ gbè?

Apá òsì. Fọlárìn ní òun nìkan ló wà nínú igbó,
òun àti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ní fèrèsé, tó ní ìgbóná,
tí àga rẹ̀ rọ̀ ju ti ọ̀gá báńkì.
Ẹ̀rọ náà a di igi lọ́rùn mú,
a gé e, a bó o, a dá a sí mẹ́ta
kí èèyàn tó jẹ mọ́ínmọ́ín kan tán.
Owó rẹ̀? Mo kọ ọ́, mo tún un kà, mo fọwọ́ bò ó
káwọn ọmọ tó ń ru pákó má baà rí i.
Iye ènìyàn: ẹyọ kan.
“Nígbà mìíràn, Bàbá, Ọjọ́bọ̀ a dé,
n ò tíì gbọ́ ohùn ara mi láti ọjọ́ Ajé.”

Apá ọ̀tún. Orí òkè ni ti Múfútáù,
àwọn mẹ́sàn-án, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì méjì, àti ẹṣin.
Mo ní, ẹṣin kẹ̀? Ó ní, ẹṣin ni, Bàbá,
ó pupa, ó ń wọ́ igi sọ̀kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀,
ó sì gbọ́ èdè wọn jù mí lọ.
Owó oṣù tirẹ̀ ò ní kí n fọwọ́ bo nǹkan kan.
Ṣùgbọ́n ìkòkò ẹ̀wà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń yí ká lọ́sàn-án.
Lóṣù tó kọjá, igi kan yíra padà lójijì.
Iye ènìyàn: mẹ́sàn-án.
Mo pa á rẹ́. Mẹ́jọ.

Bó bá ṣe iye ọwọ́ là ń kà, ọ̀tún ló borí.
Bó bá ṣe tàpò ni, ta ni yóò bá òsì du ú?
Ṣùgbọ́n n ò rí ibi tí mo lè kọ ẹṣin sí,
n ò sì ríbi tí mo lè kọ Ọjọ́bọ̀ Fọlárìn sí.

Mo wá fa ìlà kẹta, tín-ín-rín, sétí ewé.
Bẹ́ǹṣì wa tó gba ènìyàn mọ́kànlá rí:
mo ka mẹ́rin,
mo ka ọmọ Sùúrà tó ń kó lébú igi sápò fún ọlọ́sìn adìyẹ,
mo ka ara mi, mo ṣiyèméjì.

Láàárọ̀ yìí, Fọlárìn bẹ̀ mí:
ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn, ẹ jẹ́ n gbọ́.
Mo gbé e lé ìtì àfàrà. Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í han.
Iná lọ.
Etí omi pa lọ́lọ́.
Lẹ́yìn náà Ṣítù bú Sáábì, Sáábì bú oníná,
ẹnì kan ń béèrè ta ló jó gààrí òun mọ́ ṣúgà,
ẹ̀rín sọ.
Mo na ọwọ́ kí n pa fóònù.
“Ẹ má pa á, Bàbá,” ló wí.
“Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”